Orin Mọ̀nàmọ́ná Níbi Wòlímọ̀ Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tó jẹ́ pé àfi kí n gun àpótí kí n tó lè yọjú lójú fèrèsé ilé wa ní Gàmbàrí, ní Ìlọrin, ẹni mẹ́ta ni mo gbà pé ayé kò lè dùn láìsí wọn: Ìyá Àgbà tó bí bàbá mi, Àáfà wa ní ilé kéú, àti Mọ̀nàmọ́ná. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé olórin ni ẹni kẹta yẹn, mo sì mọ̀ pé kò yẹ kí n to orúkọ rẹ̀ mọ́ ti Àáfà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà gbé ayé nígbà náà, ẹ mọ bí obìnrin yẹn ṣe rí!

Ẹ rántí bó ṣe máa ń múra. Bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún á pupa, ti òsì á jẹ́ aláwọ̀ ewé. Yẹtí kan ṣoṣo ló máa ń fi sétí, yẹtí ọ̀hún á sì tóbi tó ìdérí ìkòkò. Gèlè tí gbogbo ayé ń wé sórí, orúnkún ni òun ń so ó mọ́. Ìyá mi rí àwòrán rẹ̀ lára kàlẹ́ńdà lọ́jọ́ kan, wọ́n ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ inú òkùnkùn ni ọmọ ọlọ́mọ ti múra. Inú bí mi débi pé mi ò fọwọ́ kan mọ́sà tí wọ́n gbé fún mi jẹ, àfi ìgbà tí mo rí i pé àbúrò mi ti ń wò ó. Lójú tèmi, kò sí ẹni tó mọ aṣọ wọ̀ tó o láti Gàmbàrí títí dé Mẹ́kà.

Orin rẹ̀ wá ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́ kí ara mi má baà gbóná jù. Bí orin Mọ̀nàmọ́ná bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó máa ń kọ́kọ́ sín. Ó máa ń sín ni, "Hàtíṣì!", kí ìlù tó wọlé gìrì. Kò sẹ́ni tó mọ ìdí tó fi ń sín, kò sì sẹ́ni tó bi í. Èmi náà fi sísín kọ́ra. Bí wọ́n bá rán mi níṣẹ́, màá kọ́kọ́ sín kí n tó dìde. Ìyá mi fún mi ní àgbo mu fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, àgbo tó korò débi pé ahọ́n mi ń káko, mo sì mu ún láìsọ̀rọ̀, nítorí mi ò lè sọ ibi tí mo ti kó sísín.

Ìdí ni pé nínú ilé wa, ìròyìn àti wáàsí nìkan ni wọ́n ń fi rédíò gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Sàláwù, ló jẹ́ kí n máa gbọ́ Mọ̀nàmọ́ná. Yunifásítì ló ń lọ, ó sì ń gbé ní Tanke pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Tó bá wálé lọ́jọ́ Jímọ̀, á kó aṣọ ìdọ̀tí dání, á sì mú fóònù rẹ̀ dání, orin tuntun á ti kún inú rẹ̀. Àdéhùn wa ni pé bí mo bá fọ ṣẹ́ẹ̀tì kan, màá gbọ́ orin kan. Ẹ̀yìn ilé, lẹ́bàá kànga, ni màá ti máa fọ aṣọ, màá fi èjìká ti fóònù mọ́ etí, ọṣẹ á sì máa ta sí mi lójú. Nígbà tó yá, mo ti ń já ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mò ń sọ pé ó ti dọ̀tí. Òun náà kúkú gbọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá pẹ̀lú. Ọwọ́ mi bó.

Mo gbìyànjú ìmúra náà wò lẹ́ẹ̀kan. Mo wọ sílípáàsì mi kan àti ti ìyá mi kan lọ sí ilé kéú, ọ̀kan pupa, ọ̀kan búlúù, mo sì ń yan bọ̀. Àáfà wa wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní, "Ràmátù, ta ló ń lé ẹ bọ̀?" Gbogbo ilé kéú bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kò sẹ́ni tó ń lé mi. Wọ́n ní kí n bọ́ méjèèjì sílẹ̀, kí n fi ẹsẹ̀ lásán gbá àgbàlá fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ẹ lọ sí ilé kéú nígbà náà, ẹ mọ̀ pé àánú ni wọ́n fi ṣe mí, torí pàṣán wà lára ògiri lẹ́yìn wọn tí wọn ò nawọ́ sí.

Mo fẹ́ràn Àáfà wa, mi ò ní purọ́. Àwọn ló di ọwọ́ mi mú tí mo fi kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ sára wàláà, tí tàdáà dúdú kùn mí títí dé ìgbọ̀nwọ́. Bí a bá ka ẹsẹ kan dáadáa, wọ́n á bu kúlíkúlí lé wa lọ́wọ́. Bí a bá ṣì í kà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ má jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n ń bù lé wa. Ṣùgbọ́n òfin kan le lọ́wọ́ wọn ju gbogbo òfin yòókù lọ: ẹni tó bá gbé orin ayé wọ ilé kéú, ipò yòówù kó wà, á kúrò níbẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé igbá tí a fi ń bu omi àlùwàlá, a kì í fi bu ọtí.

Mo pé ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà tó kan èmi àti àwọn méje míì láti ṣe wòlímọ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ayẹyẹ ọmọ tó ka Kùránì parí ni. Ní Ìlọrin, wòlímọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. A óò wọ funfun, a óò fi awò dúdú sójú bí èèyàn pàtàkì, wọ́n á gbé agbòjò lé wa lórí, a óò sì fi orin wákà yí àdúgbò ká kí a tó padà wá jókòó ka Kùránì níwájú àwọn àáfà. Wákà yẹn gan-an ni iyọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ kan ló máa wà níwájú tí á máa lé e, àwọn yòókù á máa gbè é. Lọ́dún yẹn, èmi ni Àáfà mú.

Inú mi dùn, ṣùgbọ́n ti Ìyá Àgbà kọjá sísọ. Ìyá Àgbà kò ka Kùránì tán nígbà tiwọn. Wọ́n mú wọn kúrò nílé kéú pé kí wọ́n máa kiri ọjà. Wọ́n máa ń sọ fún wa bí wọ́n ṣe dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, pẹ̀lú igbá wàrà lórí, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń fi wákà kọjá lọ. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé èmi ni màá wà níwájú, wọ́n fi ìborùn bojú, wọ́n sunkún. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ra wàrà lọ́wọ́ wọn tí kò gbọ́ ọ. "Ọmọ mi ló máa lé wákà o. Iwájú ló máa wà!" Ipò yẹn kì í ṣe tèmi nìkan mọ́.

Ó ku bí ọjọ́ mẹ́wàá kí wòlímọ̀ wa pé ni wàhálà dé. Ilé kéú kan tí kò jìnnà sí wa ṣe wòlímọ̀ tiwọn, wọ́n sì kọ wákà tí àwa ti fi pamọ́ de tiwa. Inú Àáfà ru. Wọ́n ní ilé kéú yẹn ti jí wákà wa, ṣùgbọ́n ọmọ tàwọn kò ní kọ àjẹkù láéláé. Wọ́n ní kí n lọ ronú wákà tuntun, kí n sì mú un dé lọ́jọ́ kejì.

Ronú kẹ̀! Ohunkóhun tí mo bá fẹ́ fà yọ lórí, orin tuntun Mọ̀nàmọ́ná ló ń bọ́ síta, èyí tí Sàláwù ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wálé ní Jímọ̀ tó kọjá. Orin náà ní: Bí mo ṣe ń rìn, ẹ wo bàtà mi, ẹ má fọwọ́ kàn mí, ẹ kàn wò mí. Mo lé e, kò lọ. Mo ka Fátíhà, ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún padà. Mo bọ́ sẹ́yìn ilé lọ fa omi. Kí n tó fa garawa kẹta jáde, ẹnu mi ti ń sọ pé: Bí a ṣe ń kà, ẹ wo Àáfà wa, ẹ má jókòó sílé, ẹ bá wa yọ̀. Ó bá ohùn náà mu rẹ́gí. Àyà mi já. Ṣùgbọ́n mo bi ara mi pé ta ló máa mọ̀? Orin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ọ̀dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Tanke ló ṣì wà, kò tíì dé Gàmbàrí.

Nígbà tí mo kọ ọ́ fún Àáfà, wọ́n dá tẹ̀súbáà ọwọ́ wọn dúró, wọ́n dijú. Nígbà tó yá, orí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì. "Màṣàállà! Ràmátù, níbo lo ti rí èyí?" Mo ní ìdí kànga ni. Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ, mi ò purọ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo àdúgbò ti mọ̀ ọ́n. Ìyá Àgbà ń kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń din wàrà, wọ́n ń fi ṣíbí lu etí agbada. Bàbá mi ń kùn ún lábẹ́ ẹnu bí wọ́n ṣe ń múra ọjà. Àáfà fúnra wọn, mo gbọ́ ọ lẹ́nu wọn nígbà tí wọ́n ń bọ́ bàtà. Yéè! Mọ̀nàmọ́ná ti wọ ilé kéú, ó ti wọ ilé wa, kò sì sẹ́ni tó mọ̀! Ẹ̀rù ń bà mí, bẹ́ẹ̀ ni inú mi ń dùn débi pé mi ò lè jókòó sójú kan.

Ọjọ́ wòlímọ̀ pé. Ìyá mi ti wẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì kí oòrùn tó yọ. Wọ́n wọ funfun fún mi, wọ́n fi lófínńdà pa mí lára, wọ́n fi awò dúdú sí mi lójú. Awò yẹn! Mo rí ara mi nínú gíláàsì mọ́tò kan, mo ní bí Mọ̀nàmọ́ná bá rí mi báyìí, á bi mí ní ibi tí mo ti rà á. Músílí tó wà lẹ́yìn mi, ọmọ tí ohùn rẹ̀ dùn tó sì ti ń wá ipò mi tipẹ́, ní kí n yéé wo gíláàsì, kí n máa bá iṣẹ́ lọ. Mo gbóhùn sókè, àwọn yòókù gbè é. Àwọn èèyàn ń tú jáde láti inú agbo ilé, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pè mí lórúkọ. Ìyá Àgbà ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ń na ọwọ́ sí mi kí ẹnikẹ́ni má baà ṣi ẹlòmíì mú fún ọmọ wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni a dé iwájú ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń ta sídì orin. Ẹ̀rọ agbóhùnsókè ńlá méjì ló gbé sẹ́nu ọ̀nà, àwọn méjèèjì sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo rò pé nítorí tiwa ló ṣe pa wọ́n. Àṣé iná ló lọ. Bí mo ṣe ní "Bí a ṣe ń kà" báyìí, wọ́n mú iná dé.

"Hàtíṣì!"

Ẹ mọ̀ pé bí Mùsùlùmí bá sín, àdúrà ni a fi ń dá a lóhùn. Gbogbo èrò tó wà lójú títì, àtọmọdé àtàgbà, dáhùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: "Yàráhámúkàllà!" Ìlù sì wọlé gìrì. Ohùn kan náà, ìró kan náà, èmi níwájú, Mọ̀nàmọ́ná lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Gbogbo wa dákẹ́, òun nìkan ló ń kọ tirẹ̀ lọ. Mo ń retí kí Àáfà yíjú sí mi. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ lanu. Wọ́n gbá ìborùn mọ́dìí, wọ́n figbe ta. "Olè! Ẹ gbà mí o! Wọ́n ti jí wákà ọmọ mi!" Ọkùnrin onísídì sáré jáde, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, orin Mọ̀nàmọ́ná nìyí." Ìyá Àgbà ní, "Òun ló jí i nìyẹn! Ìdí kànga ẹ̀yìn ilé mi ni ọmọ mi ti rí i. Ṣé ó wá pọnmi níbẹ̀ ni?"

Ẹ wò ó, kò sẹ́ni tó bá wọn jiyàn. Ó ti tó bí ọ̀sẹ̀ kan tí gbogbo wọn ti mọ wákà náà, òní sì ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ orin. Ilé kéú kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jí tiwa kó ni, kí ló dé tí olórin kò ní jí i? Bàbá kan ní àfàìmọ̀ kí oníbàárà wàrà kan má ti fi fóònù gbà á sílẹ̀. Mo ti bọ́! Kí n ṣáà ti dákẹ́ ni.

Àáfà ní kí onísídì pa ẹ̀rọ, ó pa á. Wọ́n ní a kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lọ́jọ́ ayọ̀, Ọlọ́run ni a óò fi ẹjọ́ sùn. Wọ́n tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, gbogbo èrò tẹ́ ọwọ́. "Ọlọ́run Ọba, ẹni tó jí wákà àwọn ọmọ yìí, jẹ́ kí ohùn rẹ̀ há mọ́ ọn lọ́fun..."

Ẹ̀yin èèyàn mi! Ohùn Mọ̀nàmọ́ná! Àdúrà Àáfà wa kì í lọ lásán; òjò tí wọ́n tọrọ lọ́dún yẹn bá wa lórí pápá kí a tó délé. Mo wo Ìyá Àgbà, ẹnu wọn ti là fún àmín. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ̀rọ̀, ipò mi lọ nìyẹn, ó sì lọ mọ́ Ìyá Àgbà lọ́wọ́ lójú gbogbo àwọn tí wọ́n ti sọ ọ́ fún. Bí mo bá dákẹ́, obìnrin tí kò ṣe mí ní nǹkan kan, tó kàn ń kọrin jẹ́jẹ́ rẹ̀, kò ní lè kọrin mọ́ láyé.

"Ẹ má ṣe àmín!"

Ṣé ẹ ti gbọ́ irú rẹ̀ rí? Ọmọ tó ń ṣe wòlímọ̀, tó ní kí wọ́n má ṣe àmín! Mo ti bọ́ awò dúdú sọ́wọ́. Mo ní, "Kò jí i. Èmi ni mo jí i lọ́wọ́ rẹ̀. Orin tirẹ̀ ló kọ́kọ́ wà. Ẹ jọ̀ọ́, Àáfà, ẹ má jẹ́ kí ohùn rẹ̀ há." Ẹkún gba ọ̀rọ̀ yòókù lẹ́nu mi.

Àáfà wò mí títí. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ràmátù, bọ́ sẹ́yìn. Músílí, bọ́ síwájú." Wọn ò pariwo, wọn ò sì bínú. Mo gba àárín àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kọjá, mo lọ dúró sẹ́yìn pátápátá, níbi tí agbòjò kò dé. Ṣùgbọ́n Àáfà kò tíì sọ ọwọ́ kalẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ tí a bá ti tẹ́ fún àdúrà, a kì í ká a lófo. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀: "Ọlọ́run Ọba, obìnrin tí ọmọ yìí jí orin rẹ̀, bá wa ṣọ́ ohùn rẹ̀ fún un. Má jẹ́ kó há títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Fọ̀nà hàn án." Wọ́n wo àwòrán Mọ̀nàmọ́ná tó wà lára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n wá bojú wẹ̀yìn wò mí. "Kí o sì bá a wá ìkejì bàtà rẹ̀."

Àmín tí a ṣe lọ́jọ́ yẹn, ẹyẹ fò lórí òrùlé. Tèmi ló ròkè jù.

Kò sí wákà mìíràn nílẹ̀, nítorí náà Àáfà ní kí wọ́n máa kọ èyí lọ, pé a ti fi àdúrà tọrọ rẹ̀. Músílí lé e, ó sì mọ̀ ọ́n lé, mi ò lè sọ pé kò mọ̀ ọ́n. Èmi ń gbè lẹ́yìn, ikun ń ṣàn nímú mi. Ipò náà dùn mí, àmọ́ ohun tó dùn mí jù ni pé Ìyá Àgbà kò wo ẹ̀yìn rárá. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rí i pé ẹnì kan di ọwọ́ mi mú. Ìyá Àgbà ti fi iwájú sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹni tí kò mọ̀ ẹ́ rí lo ṣe èyí fún. Ẹni tó bá fẹ́ purọ́ mọ́ èmi, kó má ṣe é níṣojú rẹ." A jọ gbè wákà náà dé ilé kéú, ohùn wọn sì dùn ju tèmi lọ.

Ayé ti yí o, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọmọ mi obìnrin náà ti ní olórin tirẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì ló máa ń dùbúlẹ̀ sí, á gbé fóònù, á bú ẹni tí kò rí rí ní ìlú tí kò dé rí, nítorí olórin yẹn, á sì béèrè pé kí ni a fẹ́ jẹ. Orin tí àwa ń fi odindi ọ̀sẹ̀ retí, ìka kan ni wọ́n fi ń pè é. Kò fọ ṣẹ́ẹ̀tì ẹnikẹ́ni. Mi ò bá a jà, ó dára kí nǹkan rọrùn fún ọmọ ẹni. Mo kàn máa ń wò ó nígbà míì pé ṣé ó máa lè pariwo níbi tí ẹnu gbogbo ayé bá ti là fún àmín.

Mọ̀nàmọ́ná kò mọ̀ mí, kò sì ní mọ̀ mí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n jọ ń kọrin nígbà náà, ohùn wọn ti lọ. Tirẹ̀ ńkọ́? Mo gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nínú kẹ̀kẹ́ ní àdúgbò Challenge, orin tuntun ni, ohùn náà sì já geere bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ yíjú padà, ó ní oyin àti omi lọ́wọ́ọ́rọ́ ni obìnrin yìí ń mu láràárọ̀, òun ni ohùn rẹ̀ kò fi há. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní, "Bọ̀dá, oyin kọ́ o. Àmín Gàmbàrí ni."